Ọ̀nà Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Gbà

Ìfọ́n ni wọ́n bí Mọ́ríátù sí, Ìlobù ló wá lọ́kọ. Nígbà tó dé, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyàwó òun bá bínú nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná, yóò ti lọ fẹjọ́ sùn nílé wọn kí ọbẹ̀ náà tó jinná. Ọkọ ti kú. Ìjà ilẹ̀ dé láàárín ìlú méjèèjì, ó lọ, ó tún dé. Àwọn tó ń pè é ní "ìyàwó Ìfọ́n" kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Ìfọ́n. Ojú ìyá náà ti fọ́. Àràárọ̀ ni Mọ́ríátù ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Abọ́ a wà nísàlẹ̀ agbọ̀n, ewé a bò ó, ọkọ́ a wà lórí ewé. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ a bi í bóyá oko ni, òun náà a ní oko ni. Oko rẹ̀ wà lápá ibẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé kì í yà síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ igi irú ló ń gbà kọjá, a sọ̀ sódò, a gòkè.

Lọ́dún yìí ni Oyèdìran dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ìjọba ló rán an wá láti ṣètò ìlú: ibi tí títì yóò gbà, ibi tí gọ́tà yóò gbà, ibi tí wọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn àdúgbò, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́ríátù ń wò ó. Ìdọ̀bálẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí, nǹkan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Oyèdìran ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, inú ọ́fíìsì ni àwọn ọ̀gá òun ń jókòó sí, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sórí bébà. Ẹni tí ìlà bá gba orí ilé rẹ̀ kò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tó bá rí ọ̀dà pupa lára ògiri. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan dìde, wọ́n ní ìlú kì í ṣe bébà, ẹni tó ń rin ọ̀nà ni kí á bi léèrè. Àwọn mìíràn tún dìde lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní bí a bá bi èèyàn ní gbangba, ẹni tó lóhùn jù ni yóò yàwòrán ìlú, ẹni tó dákẹ́ yóò gba ibi tí wọ́n bá fà fún un. Nítorí náà ni òun ṣe mú ṣọ́ọ̀kì wá. Kí oníkálukú fa ọ̀nà tó ń gbà sílẹ̀. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀.

Mọ́ríátù gbọ́ ọ dáadáa. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí èèyàn ń gbà lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Àwọn tó wá jà lọ́dún ìjà, àwọn náà kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà.

Àwọn ará àdúgbò fa ilé, wọ́n fa mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn funfun. Kò sí ìlà kan tó kọjú sí Ìfọ́n. Oyèdìran wò ó títí. Ó ní òun rí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lẹ́bàá igi irú, tí koríko kan kò hù lórí rẹ̀. Ta ló ń gbà á?

Bàbá Dúró, olórí àdúgbò, dáhùn fún gbogbo wọn. "Ewúrẹ́ ni."

"Bàbá, mo rí ojú sálúbàtà níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ àdúgbò wa ti lajú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́ríátù náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà wo ojú rẹ̀.

Oyèdìran ní kò burú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ibẹ̀, ibẹ̀ ni gọ́tà ńlá yóò gbà. Yóò jìn ju èèyàn lọ, kò sì ní sí afárá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé òdìkejì, kó gba títì.

Títì ni ojú pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí, tí wọ́n ń tú ẹrù ẹni tó ń kọjá wò. Bí wọ́n bá gbé ewé kúrò lórí agbọ̀n rẹ̀, wọ́n á rí abọ́, wọ́n á mọ̀ pé Ìfọ́n ló ń gbé e lọ. Bí kò bá sì lọ, ta ni yóò bọ́ ìyá rẹ̀? Ó retí kí ẹlòmíràn dìde. Ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń gba ọ̀nà yẹn. Ó ti rí ojú bàtà tó tóbi ju tirẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

Mọ́ríátù dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kúnlẹ̀. Ó fa ìlà láti ilé rẹ̀ lọ sídìí igi irú. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún igi náà, ó dé odò, ó gòkè, ó fà á dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó Ìfọ́n," ni Bàbá Dúró wí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà náà. "Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ lójò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà."

Gbogbo ojú kúrò lára Mọ́ríátù, wọ́n yí sí bàbá.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?" Hàmídù aránṣọ ló béèrè.

"Ewúrẹ́ mi ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Oyèdìran mú fóònù jáde kó lè ya ilẹ̀ náà ní fọ́tò. Mọ́ríátù ní kó ṣe sùúrù. Kò béèrè ọwọ́ ẹni tí fọ́tò náà yóò dé; Oyèdìran gan-an kò lè mọ̀ ọ́n. Ó da omi inú ike kan sí etí ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìlà náà láti òdìkejì odò lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

"Ẹ má pa á rẹ́, ìyá. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ."

"Afárá ni mo fẹ́ kí o kọ́ sórí gọ́tà. Mo ti fi ibi tó yẹ kó wà hàn ọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ lẹ́yìn afárá, kò kan gọ́tà."

Ó nu ún títí tó fi ku díẹ̀. Bàtà Bàbá Dúró wà lórí èyí tó kù. Mọ́ríátù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di aṣọ tútù mú. Bàbá náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.