Bàbá Kò-Ṣeé-Pín àti Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo

Orí àbọ̀ ni Bàbá Kò-Ṣeé-Pín gbé sá jáde ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́sàn-án gangan. Apá ọ̀tún ti dán bí abọ́ táńganran, apá òsì ṣì rí bí igbó. Aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, onígbàjámọ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e tòun ti ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ dúró! Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ kọ́! Kọ̀ǹpútà ló purọ́!"

Àwọn tó wà lójú títì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń ta bàtà rò pé iná ló ń jó níbì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́. Awakọ̀ kan dá mọ́tò dúró kó lè ráyè la ẹnu dáadáa. Nígbà tí ìyàwó bàbá sì ṣílẹ̀kùn, igbe tó ké jí gbogbo ọmọ ọwọ́ àdúgbò lójú oorun.

"Yéè! Bàbá àwọn ọmọ! Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ọ̀kànléláàádọ́jọ," ni bàbá fèsì, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá olóògbé yìí. Òun àti àwọn èèyàn kan káàkiri ayé, tí wọn kò fojú kan ara wọn rí, ni wọ́n jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó wà fún ìṣirò nọ́ńbà. Ọ̀fẹ́ ni. Inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu: ẹni tó bá wù lè kà á, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe lè dá àbá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Iṣẹ́ ètò náà ni pé kí o ju nọ́ńbà sí i, kó sọ fún ọ bóyá nọ́ńbà mìíràn lè pín in láìṣẹ́kù, tàbí bóyá ó dà bí eéje àti mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ò lè pín àfi ení àti àwọn fúnra wọn. Àwọn tí kò ṣeé pín yìí ni bàbá fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ ẹbí lọ.

Ìfẹ́ náà le débi pé nígbà tó pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún àwọn tí kò bi í léèrè. Nígbà tó di méjìléláàádọ́rin, ó dákẹ́ lọ gbári. Méjì ń pín in, mẹ́ta ń pín in, kódà mẹ́sàn-án ń pín in. Dókítà bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́dún náà, ó ní, "Mi ò ní kankan lọ́wọ́ báyìí, ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó ní ìwé kékeré kan tó kọ àwọn nọ́ńbà ẹlẹ́tàn sí, àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn kò ṣeé pín. "Àwọn ọ̀daràn mi" ló ń pè wọ́n. Lóṣooṣù ló máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ètò náà bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, kó lè mọ̀ bóyá ètò náà ṣì dá wọn mọ̀. Lọ́jọ́ orí àbọ̀ yẹn, orí fóònù ló ti ń pè wọ́n lórí àga onígbàjámọ̀. Gbogbo wọn ń jẹ́wọ́, àfi ìgbà tó kan 3,215,031,751, ọ̀daràn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kún ìwé náà lóṣù yẹn. Ètò náà ní: "Kò ṣeé pín."

Bàbá gba bírò, ó fi ọ̀kànléláàádọ́jọ pín nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀, lórí ìwé àwòrán irun tó wà lára ògiri, lójú ọkùnrin arẹwà kan tó gẹ irun aláràbarà. Kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ló fò dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́rin ni ètò náà fi ń dán àwọn nọ́ńbà kéékèèké wò. Gbogbo ẹlẹ́tàn tó bá kéré sí ọ̀daràn yìí ló máa ń kùnà nínú ọ̀kan, ó kéré tán. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà, láti orí rẹ̀ lọ, ó yẹ kí ìbéèrè pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ètò pé ìbéèrè mẹ́rin tó fún nọ́ńbà yòówù tó bá kéré sí i "tàbí tó bá bá a dọ́gba." Nínú gbogbo nọ́ńbà tí Ọlọ́run dá, ẹyọ kan péré ni ètò náà ń purọ́ nípa rẹ̀.

"Ẹyọ kan?" Ìyàwó rẹ̀ di orí mú. "Ẹyọ kan péré lẹ fi gbé orí àbọ̀ gba iwájú gbogbo àdúgbò?"

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo purọ́ fún ẹ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ńkọ́?"

Ìyàwó ká ọwọ́ gbera. "Ìgbà wo nìyẹn? Mo fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí."

Bàbá sá fún ìbéèrè yẹn, ó dojú kọ ojú-ìwé tí gbogbo àwọn tó ń kọ ètò náà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ta ni ọ̀dẹ̀ tó kọ ìlà yìí? Kó jáde kí ayé rí i!" Ètò náà sì ní àkọsílẹ̀ kan tí kì í gbàgbé nǹkan: ìlà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́. Bàbá ṣí i, ó sì ní kí ìyàwó òun ka orúkọ ọ̀dẹ̀ náà sókè, kó lè dùn ún gbọ́.

Ìyàwó wọ awò. Ó kà á. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un kà.

"Bàbá àwọn ọmọ, orúkọ yín mà nìyí."

"Ẹlòmíràn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Fọ́tò yín náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ló ti kọ ọ́. Bàbá tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí, bí ẹni rí olè tó jọ ọ́. "Ọkùnrin yìí," ló sọ níkẹyìn, "irun ẹ̀ mà pé o."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ ìwé ìbáwí sí ara rẹ̀, ó fèsì, ó sì ní èsì náà kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Àtúnṣe náà kò ju kí wọ́n yọ àmì kékeré kan lọ. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá ti ara rẹ̀ gbà wọlé, kódà kó jẹ́ àgbà wọn. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ìdánwò kan sì gbọ́dọ̀ bá a rìn, èyí tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe lójoojúmọ́ kí àṣìṣe náà má bàa yọ́ padà wá. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní Aláyẹ̀wò, ni iṣẹ́ bàbá bọ́ sí lọ́wọ́.

Ó kọ̀wé pé: "Ẹ ṣé, sà. Ìdánwò dà?"

Bàbá fèsì pé: "Mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò kí wọ́n tó bí ìyá ẹ!"

"Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́, sà. Ìdánwò dà?"

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni bàbá dá a padà, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọmọbìnrin náà dá a padà fún un. Inú bàbá ru débi pé kẹ́tùrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hó láìtan iná. "Èmi tí mo dán ẹgbẹ̀rún ọmọ wò, ni wọ́n fẹ́ kí n tún wá ṣèdánwò!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí inú rírun tó ti ń dà á láàmú tipẹ́ gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní Ọjọ́bọ̀ làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ètò tuntun máa jáde. Àtúnṣe tí kò bá wọlé ṣáájú ọjọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wo ojú dókítà dáadáa, ó sì rí i pé ọdún tó ń bọ̀ kò dá òun lójú.

Ibùsùn kejìlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé mi kúrò níbí. Méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, gbogbo wọn ló ń pín méjìlá. Ṣé ẹ fẹ́ pín mi ni?"

"Bàbá, ìkẹtàlá nìkan ló ṣófo. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn èèyàn."

"Ìkẹtàlá ṣófo, ẹ ò sọ fún mi láti àárọ̀? Ẹ gbé mi débẹ̀ kíá!"

Ogún ọdún ni nọ́ọ̀sì náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó kọrin wọ ibùsùn yẹn rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá ní kí ìyàwó òun gbé kọ̀ǹpútà wá. Omi ń kán wọ apá òsì rẹ̀, ìka kan ṣoṣo lápá ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò náà ló ń kọ. Àmì pupa yọ: ó ti gbàgbé àkámọ́ kan. Wọ́n ti ibùsùn onítáyà dé.

"Bàbá, dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́ o."

"Ẹ ní kó bọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì wo ìyàwó, ìyàwó wo òrùlé. Bàbá fi àkámọ́ sí i. Àmì aláwọ̀ ewé yọ. Ó fi ránṣẹ́ sí Aláyẹ̀wò, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní: "Tó bá tún béèrè pé ìdánwò dà, sọ fún un pé ojú ẹ̀ ló fọ́." Wọ́n sì tì í lọ.

Nígbà tó lajú, kò bèèrè omi, kò bèèrè ọmọ. Ó ní, "Ṣé ó wọlé?"

Ìyàwó ka èsì náà sí i létí: "Ẹ ṣé, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wọlé."

"Lẹ́ẹ̀mejì?" ni bàbá wí. "Ṣé kò gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ni?" Ó sì rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń dùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ètò tuntun jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, láàárín gbólóhùn kan tó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn, bàbá dákẹ́. Nọ́ọ̀sì dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ó ti parí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín, ìyàwó ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹnu rẹ̀ kò lè padé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibi tí kò mọ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. "Ó pè mí ní òpè ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nítorí kọ́mà." "Ó bú mi, ó bú tíṣà tó kọ́ mi, lẹ́yìn náà ó fi odindi ọjọ́ méjì ṣàlàyé ohun tí mo ṣì." "Mi ò mọ ẹni tó máa bú mi báyìí." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí tó fi ń wá nǹkan nu ojú.

Ti Aláyẹ̀wò ló kẹ́yìn: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n bínú sí mi títí dé òpin ni?"

Obìnrin tí kò tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà rí jókòó, ó ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà á ní wákàtí kan.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ẹ nílé," ló kọ. "Tí wọ́n bá bú ẹ tán, wọ́n á wá ní, 'Ọmọ mi yẹn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba iṣẹ́ yìí jẹ́.' Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"