Ọjọ́ tí Àwọn Oníṣu Rẹ́rìn-ín sí Kámẹ́rà Mi

Ọdún tí yunifásítì sú mi ni, tàbí kí n kúkú sòótọ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ máa ya ìwọ́de: ọdún tí mo sú yunifásítì. Mo ra kámẹ́rà àlòkù, mo kọ́ ọ lórí fóònù, mo wá ń ya ọjọ́ìbí àti ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Ìkọ̀lé. Kò sọ́gàá tó kọ́ mi. Ó sì hàn.

Àwọn obìnrin oníṣu Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ló pè mí. Ọ̀nà oko wọn ti bàjẹ́, ọkọ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́, iṣu ń rà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ dí títì, kí n ya ìbínú wọn kí alága ìjọba ìbílẹ̀ lè rí i.

Wọ́n bínú lóòótọ́. Èmi wá ṣe bí mo ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wobí."

Ariwo pa lọ́lọ́. Ìyá Fúnmi, olórí wọn, ní, "Dúró ná, jẹ́ n tún gèlè mi wé. Ṣé mo dáa báyìí?"

"Ẹ dáa, mà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dẹ̀ tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́.

Mo gbé e sórí ayélujára. Kó tó dọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn alága ti mú un, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọn ìyá ọlọ́jà wá dúpẹ́. Ta ló máa jiyàn? Eyín funfun ló kún ibẹ̀.

Ìyá Fúnmi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. "Uṣu mi rà tán, ìwọ ọmọ yìí, o tún ní mo dúpẹ́."

"Mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ lo ní ká rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Àwòrán burú jù ú lọ. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò pè mí sí nǹkan kan lọ́jà wọn mọ́.

Mo wá gba ọmọbìnrin méjì láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ni pé, "Ẹ panu mọ́. Ẹ dúró títí wọ́n á fi gbàgbé yín."

Bísí, èyí tẹ́nu ẹ̀ mú nínú wọn, ní, "Ọ̀gá, ta ló kọ́ ẹ̀yin?"

"Àwọn oníṣu."

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti gba fúrídọ̀mù, wọ́n ti lọ sí Adó, wọ́n mọṣẹ́ jù mí lọ. Èrè tí mo rí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù wá dákẹ́, ọ̀nà ò yí padà, mo sì ṣì jẹ àwọn ìyá yẹn ní àwòrán kan.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo lọ dúró sójú ọ̀nà náà. Ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀, àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé iṣu rù. Mo kí Ìyá Fúnmi, ó gbé iṣu tiẹ̀ kọjá lára mi. Mo yà wọ́n. Kò sẹ́nì kan tó wo kámẹ́rà. Àwòrán tá a nílò níjọ́sí gan-an nìyẹn.