Dèjì ní obìnrin ò mọ ọkọ̀ ogun yàn

Ìwà Dèjì rí mi lára lónìí, ẹ jọ̀ọ́!

Èmi Ṣadé àti Dèjì, ọ̀rẹ́ mi láti sẹ́kọ́ńdírì, wà ní kafé kọ̀ǹpútà kan ní Kétu, à ń bá àwọn ọmọ Gbàgádà ta géèmù ogun àgbáyé kejì. Ó kù ká yan ọkọ̀ tí a máa fi yìnbọn já bàálù wọn.

Mo ní, "Ká mú oníbọn ẹlẹ́nu mẹ́rin yìí, ó máa ń tètè yí."

Dèjì ní, "Kí lobìnrin mọ̀ nínú ogun?" Ló bá mú èyí tí ìbọn ẹ̀ tóbi jù.

Bàálù dé. Kí ìbọn gbàǹgbà yẹn tó yí, wọ́n ti sun wá jóná.

Ó wá pariwo pé, "Ṣadé ló kó oríburúkú bá wa!"

Mo dìde, mo lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Gbàgádà. Mo mú ẹlẹ́nu mẹ́rin mi. Dèjì gbé bàálù wá, mo já a lulẹ̀. Ó tún gbé òmíì wá, mo tún já a.

Ni àgbàlagbà Dèjì yìí bá fa wáyà kọ̀ǹpútà mi yọ, ó ní wọ́n ti mú iná lọ. Fáànù sì ń yí lórí wa!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ tún lè bá irú ẹni báyìí ṣeré?