Ìwé Àdúrà Tí Bàbá Mi Dì Sódì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní Jahi ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé rẹ̀ tó ya. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn gbé mi padà sí Durumi, nígbà tí Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú, tí bàbá mi ń rán Bíbélì àti ìwé orin tó bá já. Ọmọ Kàbbà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì kéré. Ó máa ń ní kò sí ìwé tó kú tí òun kò lè jí dìde.

Ẹnjiníà Júù kan tó wà nídìí ọ̀nà tí wọ́n ń là gbé ìwé àdúrà kan tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ ọdún wá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní èdè Hébérù ni, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló sì fi lé e lọ́wọ́. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé. Òwú rẹ̀ ti já, àbẹ́là sì ti kán sí i lára. Ọkùnrin náà ní Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ ààwẹ̀ ńlá àwọn Júù, ku ọjọ́ mẹ́ta, òun kò sì fi ìwé mìíràn gbàdúrà lọ́jọ́ náà rí.

"Ó wà nínú Léfítíkù," ni bàbá mi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí bàbá mi tú u, ó rí i pé ojú ewé àkọlé wà lẹ́yìn pátápátá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó dì í tẹ́lẹ̀ kò mọṣẹ́. Ló bá fi ti ẹ̀yìn síwájú, ó rán an, ó fi awọ tuntun bò ó. Èmi náà ń yangàn kiri àdúgbò pé bàbá mi ti tún ìwé Mósè ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Alfa Ìlọrin tó ń ta tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa yà kí wa. Ó ṣí ìwé náà wò.

"Kai, Bàbá! Ẹ wo ìlà tó parí ọ̀rọ̀ yìí, apá òsì ni àyè ṣẹ́ kù sí. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á, bíi Kùránì tiwa. Ẹ ti dì í sódì."

Bàbá mi gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà náà. Bó bá tún un tú, bébà àtijọ́ náà lè fà ya. Bó bá fi í sílẹ̀, ọkùnrin yẹn yóò dúró níwájú Ọlọ́run pẹ̀lú àdúrà tó dojú rú. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí nítorí gbogbo ìyangàn mi.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí," ló wí níkẹyìn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bàbá mi ń gé òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, Alfa ń di ewé mú, àfi bí àkókò ìrun bá tó. Ewé kan ya díẹ̀. Bàbá mi fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, ó sì tún ìwé náà rán bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹnjiníà dé, ewé tó ya ni bàbá mi kọ́kọ́ fi hàn án, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀ láti ọ̀tún, ó fẹnu kò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá mi àti Alfa jọ ṣe àmín, láìmọ ohun tó ń tọrọ.

Ìlú ti kún báyìí, àdúrà ti wọ inú fóònù, àwọn mìíràn nínú wa kì í sì í mọ orúkọ aládùúgbò wa. Àwọn àgbà méjèèjì ti lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ìwé yẹn ṣì wà níbìkan tí wọ́n ti ń kà á lọ́dọọdún, nítorí òwú bàbá mi kì í já.