Ihò Tó Wà Lára Ògiri Wa

Ẹ má bi mí pé irú ọkọ wo ni mo fẹ́. Aṣe-eyín ni. Tí ẹnìkan bá káyín, ọkọ mi ni yóò bá a ṣe òmíràn tí á fi máa jẹun. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Baba Eléyín, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í kí mi tán kó tó wọ yàrá ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ wà.

Ọkọ̀ ojú irin, ẹ gbọ́ mi dáadáa, nínú ilé! Orí tábìlì tó yí yàrá ká ló ti ń sáré, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju bàtà ọmọ ọwọ́ lọ, bátìrì ló fi ń rìn. Irin méjèèjì tó ń gùn sún mọ́ra débi pé ìka kan ni yóò gba àárín wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é kó fẹ̀ bíi ti gidi. Ó ní èyí tó bá tóóró ló ń gba kọ́nà: "Èyí tó fẹ̀ kò lè yípo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ yẹn láéláé." Ẹfun tí wọ́n fi ń yọ àwòrán ẹnu ló fi mọ òkè, ó wá fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èrìgì kùn ún. Mo ní òkè yín rèé, ó ku eyín. Ó ní kí n lọ jókòó.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Àbúrò rẹ̀ wà, bíríkìlà ni, yàrá tirẹ̀ ló fara ti tiwa. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń gbọ́únjẹ fún un torí kò tíì fẹ́yàwó. "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é. Òun ló lu ihò sí ògiri tó wà láàárín wa, kí ọkọ̀ lè máa ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibùdókọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Bàbá wọn tó ti di olóògbé wa ọkọ̀ ojú irin gidi tó ń gba irú irin tóóró bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, òfin rẹ̀ sì ni wọ́n ń lò. Ojú irin kan ṣoṣo, òrùka kan ṣoṣo. Ẹni tí òrùka kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rán ọkọ̀ wọ inú ihò. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú irin ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe lára rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà wá gé e lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ òrùka, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi béèrè pé, "Ṣé ọ̀nà ṣófo?" Ẹni kejì á ní, "Ó ṣófo," á fi òrùka sínú ọkọ̀, á rán an lọ. Wọn kì í kọ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Òrùka kọ́tìnì mi ni o! Mo wá a títí ó rẹ̀ mí.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí àlejò kan wá wo ọkọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ́lé, ó sì ti ń bá ọkọ mi kékeré sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnì dé kọ́nà ìhà ọ̀hún, ó ṣubú. Ni Baba Eléyín bá la ẹnu ẹ̀ tí kò ní gbèdéke: "Ẹ má dá a lóhùn, àbúrò mi ló to irin ibẹ̀. Kò fa ìlà tó gún rí látìgbà tí wọ́n ti bí i." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún bíríkìlà mìíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọkọ mi kékeré kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé omi ti dé." "Sọ fún un pé mo ti gbọ́." Èmi ni mo wá di ẹni tó ń jíṣẹ́ láàárín àgbàlagbà méjì tí ògiri kan ṣoṣo yà! Mo ní kí Baba Eléyín lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èmi? Ẹ̀gbọ́n? Kí n máa bẹ àbúrò?" Mo ní ó dáa, ẹ máa bẹ ẹ́ńjìnì. Òrùka wà lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ kò sì gba inú ògiri kọjá mọ́.

Ó di ọjọ́ kan, ọkọ mi kékeré wọlé. "Ìyàwó wa, ẹ yá mi ní abọ́ ìfọṣọ yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ pò. Mo fẹ́ dí ihò yẹn."

Mo mọ̀ pé bó bá fi lè dí i, ó parí nìyẹn, àwọn méjèèjì lè máà bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ọ̀kan á fi kú. Mo ní, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí bí a ń jà bí ká kú kọ́. Kò gbọ́. Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá rẹ̀. Ó po sìmẹ́ńtì, ó bù ú sórí irin tó fi ń rẹ́lé, ó nawọ́ sí ihò. Ó dúró.

Kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan! Òun fúnra rẹ̀ ló lu ihò, inú ń bí i gidigidi, síbẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ojú irin láìgba òrùka. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, òfin ò kú. Sìmẹ́ńtì ń le lọ nínú abọ́ mi. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún náà ń gbọ̀n mí. Ó wo mí, ó wo ihò, ó húkọ́.

"Ṣé ọ̀nà ṣófo?"

Baba Eléyín tó wà lódìkejì ti gbọ́ bó ṣe ń po sìmẹ́ńtì, ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fi òrùka ṣe. Mò ń sọ nínú mi pé, ẹ kọ̀ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀ fún un! Ohùn rẹ̀ wá dé, kò dún tó bó ṣe máa ń dún.

"Ó ṣófo."

A gbọ́ tí ẹ́ńjìnì gbéra. Ó wọ inú ògiri, ó rìn díẹ̀, ó dákẹ́. Ó ti ṣubú síbẹ̀ tòun ti òrùka. Àwọn méjèèjì ki ọwọ́ bọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wá a. Mo rí i tí ojú ọkọ mi kékeré yí padà. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì ni ọwọ́ rẹ̀ bà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò sì fà á yọ.

"Àbúrò mi," ohùn gba inú ihò wá, "ìlà rẹ gún. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì mi ló wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀, mo sì fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé èmi tí mo tò ó kò ní mọ̀ ni?" Ó gbé irin sìmẹ́ńtì sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."