Kí Ohun Tí Ojú Rí Ṣáájú Ìkíni: Ìdágbére fún Màmá Mi, Nọ́ọ̀sì Sẹkọna

Ìtọ́jú láti òkèèrè ni pé kí aláìsàn wà níbì kan, kí oníṣègùn rẹ̀ wà níbòmíràn, kí ó má sì sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì ju ìwé, wáyà tẹlifóònù tàbí ẹnu ẹni tí a rán. Iṣẹ́ tí èmi àti ìyá mi jọ ṣe nìyẹn. Wọ́n wà ní ilé ìgbẹ̀bí Sẹkọna, lẹ́bàá Ẹdẹ wa níbí. Èmi wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀ lè máa retí pé kí n kọ́kọ́ ké pe Màmá pé ó dìgbà. N ó ké pè wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọ́n fi lélẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti rú u lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá mi, Àdùkẹ́, abiyamọ tí ń gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń gba tirẹ̀, tí ń fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ kí ó tó gbé ọmọ tuntun, ẹ ò ní gbàgbé aboyún Alajue yẹn. Oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù méje. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ tíṣà kan kí ó bá òun kọ̀wé sí mi. Bàbá Rúfáì, tí ń wa ọkọ̀ láti Ẹdẹ lọ sí Ìbàdàn, ló gbé e wá. Ìwé náà dùn ún kà. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ara le, a dúpẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló sọ pé ẹsẹ̀ ìyàwó òun wú díẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ó sì wá rí yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gun ẹ̀yìn alùpùpù lọ sí Alajue, ẹ bá obìnrin náà nínú yàrá. Ojú rẹ̀ ti wú, orí ń fọ́ ọ, ó ní òun ń rí nǹkan tó ń tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ níwájú òun. Ẹ ti gbé e dójú ọ̀nà ilé ìwòsàn kí gìrì tó mú un. Ó yè, ọmọ rẹ̀ náà yè. Àwọn méjèèjì jókòó láàárín àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ níbí lónìí. Nígbà tí ẹ bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò kọ gbogbo èyí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé àìsàn lèèyàn á máa fi kí dókítà?"

Kò purọ́. Bí a ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Tí wọ́n bá bi wá pé ara ńkọ́, a dúpẹ́ là ń sọ, kódà kí ibà máa gbọ̀n wá. Ẹni tó jókòó tì wá yóò rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹni tó wà ní òkèèrè, a dúpẹ́ nìkan ni yóò rí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti sọ pé ìwé kankan kò ní kúrò ní Sẹkọna lọ bá dókítà àfi tí ohun tí ojú rí bá ṣáájú: bí ara ṣe gbóná tó, iye ìgbà tí aláìsàn tọ̀, bóyá ojú wú, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkíni di ìsàlẹ̀ ìwé. Àwọn àgbà kan bínú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá kan na ìwé sókè lójú gbogbo àwọn aboyún, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ ta ló kọ ìwé tí ò kí èèyàn yìí?"

Ẹ ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn yè ná, màá kí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yìí náà lo fi ń gbẹ̀bí."

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le. Ìjọba ológun ní kí gbogbo wa fara dà á. Oògùn ò dé Sẹkọna mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ ló ń gbé kẹrosíìnì àti ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ dání. Ní Ìbàdàn, àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ kú, wọn ò tún un ṣe. Ìwé nìkan ló kù fún wa, àti Bàbá Rúfáì, tí òun náà ń wá epo kiri. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà pé, "Má bẹ̀rù. Tí mo bá ti kọ ohun tí mo rí, ìwọ náà ti rí i." Mo gbà yín gbọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí báyìí.

Ẹ̀jẹ̀ tiyín náà ń ru, ó ti pẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé yín máa ń jẹ́ iye tí ẹ̀rọ kà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti iye hóró oògùn tó kù. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìwé yín dé, ojú ewé méjì. "Dókítà mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara le, a dúpẹ́." Ẹ sọ̀rọ̀ ìjọ, ẹ sọ̀rọ̀ òrùlé tí atẹ́gùn ṣí, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti sanra nínú fọ́tò. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo tì í sínú àpótí tábìlì. Èmi tí mo máa ń ka èsì àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fọwọ́ sí i, n kò kíyè sí i pé ìkíni ló ṣáájú. Ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ẹ ti fi òfin yẹn lélẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá Rúfáì wọ ọ́fíìsì mi láìmú ìwé kankan dání. "Dókítà, Màmá ń pè yín. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

Mo mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa. Mo ní, "Bàbá, kí ni ojú yín rí?"

Ó ṣí fìlà. "Mo rí i pé wọn ò mí mọ́. Láti àárọ̀ àná."

Òun nìkan ló pa òfin yín mọ́ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mo dé Sẹkọna, mo wá ike oògùn yín. Ó ṣófo. Obìnrin tó ń bá yín tọ́jú ilé ìgbẹ̀bí ló ṣàlàyé fún mi. Aboyún méjì ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kò sí oògùn níbì kankan, ẹ sì ń pín tiyín fún wọn títí ó fi tán. Ó ní òun bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ ní, "Tó bá gbọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á máa sáré lójú ọ̀nà. Jẹ́ kó sinmi." Ẹ mọ̀ pé oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró lójijì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú ọpọlọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Òkìtì ìwé wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ kò dẹ́rù bà mí tó èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a dúpẹ́. Àwọn tó ti òkè òkun dé ń sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí dókítà yóò jókòó ní Ìbàdàn, tí yóò máa wo aláìsàn Sẹkọna nínú àpótí bí tẹlifíṣọ̀n, tí yóò sì máa gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Mo gbà pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti ń rí yín níwájú àpótí náà: ẹ ti wé gèlè, ẹ ti pa àtíkè, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Ara le, Dókítà mi." N kò sì ní rí ike tó ṣófo lórí pẹpẹ lẹ́yìn yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, kí ẹ tó jẹun nílé lónìí, ẹ lọ bá àgbà yín tó ń lo oògùn. Ẹ má bi í bóyá oògùn ṣì wà. Ẹ gba ike náà, ẹ da hóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kà á. Tí kò bá lè tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lọ́la. Tí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí oníṣègùn, ẹ kọ iye tó kù sí ìlà àkọ́kọ́. Ohun tí ojú yín rí ni kó tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkíni lè dúró de ìsàlẹ̀ ìwé.

Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí, Màmá. Ó wá ku ìkíni. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìfaradà. Ó di ìgbà tí Olúwa bá tún mú wa fojú kojú. Ẹ sùn re, Àdùkẹ́. Ẹ má pín oorun yìí fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Adéọlá