Ọ̀kẹ́ Méjì Ó Dín Kan

"Pè é ní orúkọ tó ń jẹ́," bàbá àgbà wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára iṣu tó ń gé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe nọ́ńbà náà fún un: ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì, ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án, àti mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ìrìn àjò ni. Inú ń bí mi gan-an. Ìwé kẹfà ni mo wà, ní Ọ̀wọ̀, tíṣà wa sì ti kọ 39,999 sójú pátákó. Ó ní ká wá nọ́ńbà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kó jẹ́ iye yẹn gan-an. Ẹni tó bá mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ṣojú kíláàsì wa níbi ìdíje ìṣirò. Mo fẹ́ àyè yẹn ju ẹran ọdún lọ. Ewé ìwé mẹ́ta ni mo ti fi ìpín bà jẹ́.

Bàbá àgbà kò mọ̀wé. Oko iṣu rẹ̀ lọ́nà Isuada ló mọ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn fún eérú tó fi ń pa èbù lára, iṣu tó gé sílẹ̀ fún gbígbìn.

Nígbà tó sú mi, mo fi òǹkà àwọn àgbà pè é, èyí tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Mo ní, "Ọ̀kẹ́ méjì ó dín kan."

Ó ní ó dáa, ta ni kò wá mọ̀ pé igba ìlà, tí igba ebè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kẹ́ méjì ni? Ó ní kí n to èbù sílẹ̀ ní ìlà márùn-ún, kí n fi márùn-ún sínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe tò ó tán ni ewúrẹ́ gbé ti ìparí ìlà ìkẹyìn lọ. Mo mú igi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ti bá wa dín kan. Ó ní kí n kó mẹ́rin tó kù nínú ìlà yẹn, kí n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ìdí ìlà mẹ́rin yòókù. Ó di ìlà mẹ́rin, mẹ́fà mẹ́fà.

"Ìlà dín kan, ebè lé kan," ó ní. "Ṣé oko ńlá wá yàtọ̀ ni?"

Igba ó dín kan, igba ó lé kan. Mo fi 199 sọ 201 di púpọ̀, ó bọ́ sí i géérégé. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Ewé ìwé mẹ́ta, ewúrẹ́ ló wá mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀, tíṣà wo ìdáhùn mi, ó ní, "Iṣẹ́ dà?" Ọ̀nà tí mo gbà rí i ló ń béèrè. Mo ya ebè sójú pátákó. Ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìṣirò. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó gbé àyè náà fún ọmọ tó fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 101 títí dé 199 pín in.

Mo délé, mo kanra mọ́ bàbá àgbà. Mo ní ẹjọ́ rẹ̀ ni, tíṣà ní òun ò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ọkọ́ ti sọ di pákó, ó ń wò wọ́n.

"Kò rí iṣẹ́?" ó ní.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò báyìí. Bí ọmọ bá ya ebè sínú ìwé, mo máa ń jókòó kà á tán. Inú ṣì ń bí mi sí tíṣà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló sọ pé kò sí ẹnì kankan.